Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Tuntun: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

A kọ ìwé yìí fún àwọn àgbẹ̀ àti ará ilé ní Iléṣà àti àwọn ìletò àyíká rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu wọlé láti ọ̀nà Ifẹ̀wàrà àti Òṣú. Bí a bá ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀ tí kò dáhùn, bátìrì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dá lẹ́bi. A ó ra òmíràn, òmíràn náà a sì tún kú kí oṣù tó parí. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ra bátìrì méjì lásìkò kòkó kan ṣoṣo, kí àgbà rewáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan tó fọwọ́ kan wáyà tó ti dẹ̀ lára ẹ́ńjìnì, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju kí ó fi sípánà fún un le.

Ẹ fi bátìrì wé àmù. Àmù kì í pọnmi. Omi tí wọ́n bá pọn sínú rẹ̀ ló ń tọ́jú. Alternator, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ni apọnmi. Nígbà tí a bá ń ṣáná, a ń bu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, alternator ni yóò máa bọ́ iná iwájú, wípà àti rédíò, tí yóò tún máa dá èyí tí a bù padà. Nítorí náà, bí àmù bá gbẹ, ó lè jẹ́ pé àmù fúnra rẹ̀ ti sán, tàbí pé apọnmi kò pọn, tàbí pé igi wó dí ọ̀nà odò, tàbí pé ẹnìkan ń dìde lóru bu omi tí ará ilé kò mọ̀.

Ọ̀nà odò, ìyẹn wáyà àti bẹ́líìtì, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ojú àti ọwọ́ lásán ló gbà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí méjèèjì tí wáyà ti so mọ́ bátìrì bóyá lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti bò wọ́n, kí ẹ sì fọwọ́ mi wáyà ibẹ̀ wò. Èyí tó bá ń mì kò lè gbé iná dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ tú wọn, nẹ́gẹ́tíìfù (èyí tó ní àmì –) ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí ẹ sì dá padà kẹ́yìn. Omi gbígbóná tí a po sódà ìyẹ̀fun (baking soda) mọ́ yóò ṣí lẹ́búlẹ́bú náà kúrò. Ẹ tẹ bẹ́líìtì wò pẹ̀lú, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti kú: èyí tó dẹ̀ tàbí tó ti ń sán máa ń han gooro bí a bá ṣáná, kì í sì í yí alternator bó ti yẹ. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tàn bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì kú bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá kú, apọnmi kò pọn. Bí kò bá tiẹ̀ tàn rárá, ẹ má ṣe yọ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀nà gílóòbù yẹn gan-an ni iná tó ń jí alternator ń gbà kọjá.

Lẹ́yìn èyí ló kan mítà, irinṣẹ́ kékeré tí àwọn rewáyà fi ń wọn iná. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ sì wọn bátìrì kí ẹ tó ṣáná. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi fóòtì (volt) 12.6 hàn, 12.4 súnmọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì, èyí tó bá sì wà lábẹ́ 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ ní kí ẹlòmíràn ṣáná bí ẹ ti ń wo mítà: bí nọ́ńbà bátìrì tó kún bá já wálẹ̀ sí abẹ́ 9.6, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá wá ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ gòkè sí àárín 13.8 àti 14.5, kó má sì já púpọ̀ bí ẹ bá tan iná iwájú. Bí ó bá dúró sí 12 àti díẹ̀ tó sì ń lọ sílẹ̀, àmù kò jẹ̀bi. Bí ó bá kọjá 15, apọnmi kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, èyí sì máa ń hó omi inú bátìrì gbẹ.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan tí a kò fara mọ́: wọn a yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, wọn a ní bí ẹ́ńjìnì kò bá kú, alternator dára. Iná tó ń ru sókè lójijì lásìkò yẹn lè jó àwọn dáyóòdù (ẹ̀yà kéékèèké tí iná ń gbà kọjá) inú alternator, ó sì lè ba brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ òde òní, jẹ́, èyí tí owó rẹ̀ ju ti bátìrì lọ fíìfíì. Ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó gbà pé alternator kú, ẹ fi wáyà mítà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wáyà ńlá ti jáde, èkejì sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, nígbà tí ẹ́ńjìnì àti iná iwájú bá wà ní títàn. Bí ó bá ju ìdajì fóòtì kan lọ, wáyà ló ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Ẹ ṣe bákan náà láàárín nẹ́gẹ́tíìfù àti ara ẹ́ńjìnì, níbẹ̀, 0.2 ti pọ̀ jù. Bí ó bá sì jẹ́ alternator náà ni, ẹ bi rewáyà bóyá búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yà kékeré inú rẹ̀ tó máa ń jẹ, ló jẹ tán, nítorí pé a lè pààrọ̀ rẹ̀ láìra odindi tòkunbọ̀.

Ní ti ẹni tó ń bu omi lóru, rewáyà ni kí ẹ bẹ̀ kó so mítà sáàárín nẹ́gẹ́tíìfù àti wáyà rẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa. Bí ó bá ju ampere 0.05 lọ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kó máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà yóò fi já. Rédíò àti aláàmù tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn la máa ń fura sí jù.

Bátìrì tí a ṣáàjì mọ́jú, tó dúró sí 10.5, ti pàdánù ọ̀kan nínú yàrá mẹ́fà inú rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ lọ ra òmíràn. Ìrìn kúkúrú láti Ìsọ̀kùn sí Ẹ̀rẹ́jà kì í dá ohun tí a fi ṣáná padà, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì tí a fi sílẹ̀ ní gbígbẹ láti ìparí kòkó títí di òjò máa ń le nínú tí kò fi ní gba iná mọ́. Omi bátìrì (distilled water) ni kí ẹ bù sí i bó bá fà. Kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàmù, nítorí náà kí sìgá jìnnà.

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta náà, ti kí a tó ṣáná, ti ìgbà tí a ń ṣáná, àti ti ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ sì fi lé rewáyà lọ́wọ́ kó tó tú ohunkóhun.