Bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nílé ìránṣọ, tí a sì ń mú un sunwọ̀n sí i

Ọ̀gá aránṣọ tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán, nítorí pé ẹni tí kì í dìde nídìí ẹ̀rọ lè máa tú ohun tó rán lánàá. Aṣọ tó parí, tí oníbàárà gbé lọ tí kò sì dá padà, ni kí ó máa kà. Nítorí pé búbá àti agbádá kì í gba àkókò kan náà, kí ó kọ́kọ́ wo wákàtí tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́: bí búbá bá gba wákàtí 2, tí agbádá sì gba wákàtí 6, kí ó ka agbádá 1 sí búbá 3.

Lẹ́yìn èyí, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ àti ìgbà tó parí rẹ̀ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó sì kọ ohun yòówù tó dá a dúró àti bó ṣe pẹ́ tó. Ẹni tó lo wákàtí 8 níbi iṣẹ́, tó rán búbá 3, ti fi wákàtí 6 ṣiṣẹ́. Wákàtí 2 ni a ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ ka ohun tó kọ. Ẹ lè rí i pé òwú tán, pé iná lọ, tàbí pé ó jókòó de ọ̀gá fúnra rẹ̀ láti gé aṣọ fún un.

Ibi ìdúró wọ̀nyí ni àtúnṣe ti ń so èso jù. Frank Gilbreth, tó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rí ní Amẹ́ríkà, ṣe pèpéle pákó tí a lè máa gbé sókè bí ògiri ṣe ń ga, kí bíríkìlà má baà máa bẹ̀rẹ̀ mú bíríkì nílẹ̀. Nípa irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ó dín ìgbésẹ̀ tí a ń gbé lórí bíríkì kan kù láti 18 sí nǹkan bí 5. Nílé ìránṣọ, kí ọ̀gá gé aṣọ ọ̀la sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí òwú àti àlùmọ́gàjí wà ní àrọ́wọ́tó, kí a sì fi bọ́tìnnì àti etí aṣọ tí a ń fi ọwọ́ rán pamọ́ de ìgbà tí iná bá lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a tún kà fún ọ̀sẹ̀ 2 mìíràn. Ẹ má fi àsìkò Iléyá tàbí Kérésìmesì wé oṣù tí iṣẹ́ dá.

Kí a sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú pé a kò ní torí ìwé yìí gé owó ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò kọ irọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí gbogbo ilé jọ kà á, kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí tí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ kò ní lè sọ èyí tó yàtọ̀.