Bí ìwé kọ́ọ̀tù ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ti kó lọ

Ọkùnrin tó jẹ mí lówó aṣọ, ₦640,000, ti kó kúrò ní Mushin kí n tó pè é lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù gbèsè kéékèèké, níbi tí owó kì í ti í kọjá mílíọ̀nù 5 náírà. Béélífù, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó ń mú ìwé lọ fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́, lọ lẹ́ẹ̀mejì, àgádágodo ló bá lẹ́nu géètì. Ó dùn mí gan-an, torí ẹjọ́ kò lè tẹ̀síwájú bí ìwé ò bá dé ọwọ́ ẹni tí a pè.

Ohun tó tú u rèé. Béélífù búra sí ìwé pé òun wá a tì: ọjọ́, aago, ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ti sọ fún un pé, “Ọmọ mi, wọ́n ti kó lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wá dá àjọ lọ́dọ̀ mi.” Gbólóhùn yẹn ni mo fi sínú ìwé ìbúra tèmi, tí mo fi bẹ adájọ́ pé kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé tó gbé kẹ́yìn. Adájọ́ fẹ́ rí ìdí tí a fi gbà pé ìròyìn yóò dé etí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ béélífù ni. Ó lẹ̀ ẹ́, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì tún búra.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà pè mí.