Bí A Ṣe Ń Wá Irinṣẹ́ fún Àbójútó Sáfà, àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Kí ẹ tó fi ètò tuntun kankan sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó ti wà níbẹ̀. Lórí Linux, àṣẹ apropos ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá tẹ apropos disk, yóò to gbogbo irinṣẹ́ tí àlàyé ṣókí wọn mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yẹn síwájú yín, àṣẹ man yóò sì ṣàlàyé èyí tí ẹ bá mú nínú wọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Bí ẹ kò bá rí ohun tó bá iṣẹ́ yín mu, ẹ lo apt search lórí Debian àti Ubuntu tàbí dnf search lórí Fedora, nítorí pé ètò tó bá ti àká ètò wọn wá ni yóò máa gba àtúnṣe ààbò pẹ̀lú àwọn ìyókù. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ fi curl fà wálé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dà sínú bash (ètò tó ń mú àṣẹ ṣẹ) pẹ̀lú agbára root (alábòójútó àgbà), èmi kì í fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú dísìkì tó kún. df -h yóò fi ìpín tó kún hàn yín. Bó bá jẹ́ pé fódà /var wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ àṣẹ yìí, kí du lè wọn àwọn fódà inú rẹ̀:

sudo du -xh --max-depth=1 /var | sort -h

Àpapọ̀ /var fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn, fódà inú rẹ̀ tó tóbi jù ni yóò sì wà lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà mìíràn, df yóò ní dísìkì ti kún pátá, du yóò sì ní kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti jókòó ti irú rẹ̀ di ọ̀gànjọ́ rí, tí mò ń pa lọ́ọ̀gì (fáìlì àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀) rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ààyè kò sì yọ, nítorí pé fáìlì tí a pa rẹ́ kì í dá ààyè rẹ̀ padà níwọ̀n ìgbà tí ètò kan bá ṣì ṣí i sílẹ̀. sudo lsof +L1 ni yóò dárúkọ ètò náà. Ẹ fi systemctl restart tún un bẹ̀rẹ̀, ààyè yóò sì yọ. Bí ààyè bá wà tí sáfà ṣì ń ṣàròyé pé kò sí, ẹ fi df -i wò ó bóyá inode (àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní) ló tán.

Ní ti rsync, irinṣẹ́ tí a fi ń da fáìlì kọ síbòmíràn, ẹ má ṣe lo --delete, tó ń pa ohun tí kò sí ní orísun rẹ́ níbi tí a ń dà á kọ sí, láìkọ́kọ́ fi -n dán an wò, kí ẹ lè rí ohun tí yóò pa rẹ́ kó tó pa á. Ẹ tún kíyè sí àmì / tó bá gbẹ̀yìn orúkọ fódà tí ẹ ń dà kọ: bó bá wà, ohun inú fódà nìkan ni yóò kọjá, bí kò bá sí, tòun ti fódà ni.