Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ohun Tí Ètò Fóònù Yóò Ná Wa Fún Ọdún Méjì

Iye oṣù kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì máa ń kọ gàdàgbà sára ìpolówó, bẹ́ẹ̀ iye oṣù kan kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni èwo ló wọ́n jù nínú ètò méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti mú iye àkókò kan náà fún ètò méjèèjì, kí ó sì ro gbogbo owó tí yóò jáde lápò rẹ̀ láàrin àkókò yẹn pọ̀, yálà ti fóònù ni, ti dátà ni, tàbí ti síìmù. Oṣù 24 ni mo fara mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àdéhùn tó ní fóònù nínú máa ń gba oṣù 24 tàbí 36.

Kí ẹ tó ka ìpolówó kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ iye dátà tí ẹ ń lò. Inú Settings fóònù yín ni ẹ ó ti rí i. Ẹni tó ń lo Android lè yan ọjọ́ tí òǹkà yóò máa bẹ̀rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n òǹkà ti iPhone kì í padà sí òdo fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà, dátà ọdún mẹ́ta lè wà níbẹ̀ tí yóò rò pé ti oṣù kan ni. Ẹ kọ ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń gba owó gọbọi lórí dátà tó kọjá òṣùwọ̀n, oṣù tí ẹ ti lò ó jù ni kí ẹ fi yan ètò. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn ń dín eré rẹ̀ kù, ìpíndọ́gba oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó.

Ibi tí ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ́ ni ohun tí ilé-iṣẹ́ ń pè ní oṣù. Ọ̀pọ̀ ètò àsansílẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ 28 tàbí 30 lọ. Bí a bá fi 28 pín ọjọ́ 365, a ó rí 13 àti díẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni ẹ ó sanwó lọ́dún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méjìlá.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà lásán ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì gbà pé dátà inú ètò méjèèjì dọ́gba. Ètò kìíní fún yín ní fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí ẹ san 40 lóṣù fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa san 55 fún oṣù 18 tó kù: 240 àti 990, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,230. Ètò kejì kò ní fóònù nínú. Ẹ fi 500 ra irú fóònù kan náà, ẹ sì ń san 20 ní ọjọ́ 28 sí ọjọ́ 28. Ìgbà 26 tí ẹ ó san án jẹ́ 520, a fi 500 kún un, ó di 1,020. Ìyàtọ̀ 210 nìyẹn, lórí fóònù tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni! Bí ẹ bá wá lo ọdún kẹta láìyí ohunkóhun padà, ètò kìíní yóò gba 660 sí i, ètò kejì yóò gba 260, ìyàtọ̀ náà yóò sì di 610.

Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹni tí kò ní 500 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ń yá owó ni, 210 sì ni èlé rẹ̀. Kí ó fi wé èlé tí yóò san bí ó bá yá a níbòmíràn.

Owó orí àti owó ìforúkọsílẹ̀ kò le láti rí. Ẹ kàn fi wọ́n kún un. Bí wọ́n bá gba fóònù àtijọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọn yóò yọ iye rẹ̀ kúrò tàbí díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, nítorí pé ẹni tó bá tètè kúrò sábà máa ń pàdánù èyí tó kù. Ètò tí wọ́n pè ní aláìlópin sábà máa ń ní òpin nínú àlàyé wínníwínní tó wà nísàlẹ̀: ẹ wá iye GB tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì tí owó rẹ̀ kéré jù kò bá sì wọlé dáadáa nínú ilé yín, ẹ ó ra síìmù kejì, owó rẹ̀ náà wà nínú ìṣirò.

Bí ẹ bá ti wá yan àdéhùn, ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sínú kàlẹ́ńdà fóònù náà, kí ó máa rán yín létí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí pé láti ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ, apá kan nínú 55 yẹn ti di owó fóònù tí ẹ ti san tán.