Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró ti ẹni tó ń bọ̀ látinú àìsàn ọpọlọ, tẹ́yin náà sì ti débẹ̀ rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sun wọ́dù rí, tẹ́ ẹ ti lo oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Dókítà ń ṣe tiẹ̀, nọ́ọ̀sì ń ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní kéèyàn máa lọ sílé láti ọsibítù ọpọlọ ní Àrò tàbí Yábà, wàhálà míì ló kù nílé yẹn, torí àwọn aládùúgbò á máa yọjú wò ó, màmá ẹ̀ á máa ṣọ́ ọ bó ṣe ń jẹun, ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ á ní kó ṣì lọ sinmi ná (sinmi tí ò lópin nìyẹn). Ẹni tó lè jókòó tì í lásìkò yẹn láì máa wojú ẹ̀ bóyá ó ti tún ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tóun náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ni.

Lọ́dún 1935 nílùú Akron ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson, ọ̀mùtí paraku tó ti tó oṣù mélòó kan tó ti jáwọ́, ọkàn ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọtí, dípò kó wọ ilé ọtí ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí míì tóun lè bá sọ̀rọ̀, bó ṣe pàdé Bob Smith nìyẹn, dókítà oníṣẹ́ abẹ tọ́tí ń dà láàmú, wọ́n jókòó fún wákàtí gbọọrọ, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ táwọn ọ̀mùtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́. Ẹ wò ó dáadáa, Bill ò lọ wàásù fún ẹnikẹ́ni, ó ń wá bí ara tiẹ̀ náà ṣe máa là. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ ò ní ṣe bí ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n ara tiyín ní láti ti balẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ ò bá tíì máa rí oorun sùn dáadáa, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí oògùn padà, ẹ má tíì gbé ẹrù ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ti ẹ̀yin náà ná.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, òun fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi bóyá ó fẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń ṣètò ayé ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ kàn tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí i pé mo gbọ́ pé o ti délé, ṣé kí n yà lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ní rárá, ẹ tún bi í lọ́sẹ̀ míì. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn tiyín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ bá a bó ẹ̀gúsí. Tó bá yá òun náà á bi yín, "ṣé ìwọ náà máa ń gbàgbé nǹkan báyìí?" Ìgbà yẹn lẹ máa sọ tiyín, kó ṣe ṣókí, pé ẹ̀yin náà ò lè ka ìwé kọjá ìlà mẹ́ta nígbà kan, pé díẹ̀díẹ̀ ló padà. Ẹ má bá a du ta ni tiẹ̀ le jù. Ẹ má sì sọ pé "ṣebí ara ẹ ti yá, dìde" àbí "ṣé o ń gbàdúrà ṣá?", ó ti gbọ́ ìyẹn sú. Tó bá ní wọ́n ń dárúkọ òun lórí rédíò, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbè é, ẹ ní "èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́."

Ẹ máa mú un jáde náà, ọjà, ṣọ́ọ̀bù bábà tó ń gẹrun, ibi tẹ́yin náà ń lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1954, inú ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ló ní káwọn aláìsàn máa gbé, mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n á lọ gbàtọ́jú, wọ́n á tún padà sáàárín èèyàn.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá ńkọ́? Ibí lẹ ti lè wúlò jù, ibẹ̀ náà lẹ sì ti lè ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un ní tiyín, kódà kí orúkọ àìsàn yín jọra, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ní kó dá a dúró torí pé ara ẹ̀ ti yá, oògùn yẹn ló jẹ́ kí ara yá, tó bá já a sílẹ̀ lójijì àìsàn lè padà. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ bá a dárúkọ ohun tí oògùn ń fà tójú ń tì í láti sọ fún dókítà: ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹnu tó ń gbẹ, ara tó ń sanra, nǹkan ọkùnrin tí ò ṣiṣẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ sọ pé ó ṣe yín rí, á sọ tiẹ̀, ẹ wá jọ kọ ọ́ sínú bébà kó mú un lọ kílíníìkì, nítorí dókítà lè dín oògùn náà kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀.

Àdúrà ò burú o, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kó máa ṣe ìṣọ́ òru léraléra, àìsùn nìkan tó láti mú kí orí ẹni tó ní bipolar (àìsàn tó ń mú kí ara èèyàn yá gágá jù nígbà kan, kó sì rẹ̀wẹ̀sì nígbà míì) tún gbóná, tó bá sì ń lo lithium, ọ̀kan lára oògùn àìsàn yẹn, tó wá gba ààwẹ̀ láì mu omi, oògùn yẹn lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ ní kó bi dókítà kó tó dáhùn pásítọ̀ tàbí àlùfáà.

Lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ bá dá ṣáṣá ni kẹ́ ẹ bi í pé kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ tí àìsàn náà bá ti fẹ́ padà dé. Ẹlòmíì kì í sùn mọ́, ẹlòmíì á máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ láago mẹ́ta òru, ẹlòmíì ò ní fẹ́ wẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ẹni tó fẹ́ kẹ́ ẹ pè, ọsibítù tó fẹ́, ẹni tó máa wo àwọn ọmọ, àti ẹni tí ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Kẹ́yin méjèèjì ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ kìíní náà ni kẹ́ ẹ ti sọ fún un pé ohun tó bá bá yín sọ ò ní jáde, àfi tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ṣe ara ẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe. Tọ́rọ̀ ẹ̀ bá ti ń dà bí ẹni tó ń dágbére, ẹ bi í gbangba pé ṣé ó ń ro bó ṣe máa pa ara ẹ̀ ni, bíbéèrè ò fi í sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe é kúrò nítòsí, ẹ pe ará ilé, ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ti di mẹ́rin márùn-ún, ẹ lè máa pàdé, kíláàsì tó ṣófo lẹ́yìn iléèwé ti tó. Lórí WhatsApp, kò sí pé ẹnì kan ń ya ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ní fọ́tò, kò sì sí owó yíyá láàárín ara yín, ó ti tú ẹgbẹ́ tó dáa ju báyìí lọ ká. Ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa ń pa fóònù yín, kẹ́ ẹ sì pa á lóòótọ́, kẹ́yin náà sì lẹ́ni tẹ́ ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́jà tóun àti ẹlòmíì jọ ń rìn, ẹ jẹ́ kóun kọ́kọ́ kí yín. Ẹ ti jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ máa sọ tí wọ́n bá bi yín pé níbo lẹ ti mọra, ọ̀pọ̀ ló máa ń ní àwọn jọ lọ iléèwé ni.