Bí mo ṣe pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé lẹ́yìn tí wọ́n ta omi ṣúgà fún mi ní owó wáìnì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Bàbá mi pé àádọ́rin ọdún, mo ní mi ò ní gbé nǹkan yẹpẹrẹ síwájú wọn, ni mo bá ra wáìnì pupa ìgò méjì, 9,500 náírà lọ́ọ̀kan, 19,000 gbáko! Ìgò náà rẹwà, ó wúwo lọ́wọ́. Bàbá mi tọ́ ọ wò báyìí, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, wọ́n ní, "Omi ṣúgà lo rà wá yìí." Ìgbà yẹn ni mo tó yí ìgò padà, àṣé wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní sẹ́yìn rẹ̀ pé ohun mímu aládùn tí wọ́n pa láwọ̀ ni, kò sí ọtí àjàrà kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ẹ̀yìn ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tí ìyá wọn máa ń pọn fún wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Mo ní ó tán, màá pọn ọ́n fún wọn.

Mo ra àgbàdo pupa kọ́ńgò méjì lọ́jà àdúgbò wa, mo rẹ ẹ́ sómi ọjọ́ méjì, mo tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agbọ̀n, mo dà á sí i, mo bò ó kó lè hù. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan kan. Mo ní bóyá òtútù ni, mo gbé agbọ̀n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Mo ní bóyá omi ni ò tó, mo tún wọ́n omi sí i, mo tún pààrọ̀ ewé, àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o, mo kàn ń ṣí i wò ṣáá bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún òórùn ti gba gbogbo ilé ìdáná, mo ṣí ewé, àgbàdo ti bu, ó bu funfun ó tún bu àwọ̀ ewé, kò sí èyí tó hù nínú ẹ̀, kò sí ẹyọ kan!

Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi láago. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà, ṣé kí n sá a sóòrùn kí n kúkú lò ó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n pariwo mọ́ mi, "Dà á nù kíákíá! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kóo lọ ra ọkà adìyẹ?" Wọ́n ní kí n la hóró kan sí méjì kí n wo ojú ẹ̀. Mo là á, ojú yẹn ti dúdú, ó ti gbẹ kangbe. Ẹ̀rọ tó gbóná ni wọ́n fi gbẹ àgbàdo yẹn, iná ti pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dáa fún adìyẹ, kò dáa fún ọtí, torí èéhù yẹn ló ń sọ inú ọkà di ohun tó dùn, adùn yẹn ni yíìsì ń jẹ tó fi ń di ọtí. Èyí tí ò bá hù, ògì lásán ni. Èyí tó bá sì ti bu, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ rárá, májèlé tó wà nínú ẹ̀ kì í bá sísè lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ àgbẹ̀ ni mo ti rà á, àgbàdo tó fẹ́ fi gbin oko lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kọ́kọ́ ka ogún hóró, mo wé e sínú aṣọ tútù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta méjìdínlógún ti yọ èéhù funfun ṣóńṣó. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni, owó kọ́ńgò méjì àkọ́kọ́ ò bá má gbé.

Ìyókù ò le. Ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kó tó wọnú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ṣáà má dé ìdérí pa, kó má baà bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo gbé etí lé kẹ́ẹ̀gì, mo ń gbọ́ ọ tó ń hó ṣìì, ìfófó ti dé ẹnu. Àbúrò mi ní ká kúkú fi pọn ògógóró, mo ní rárá o, ògógóró tó pa èèyàn l'Óde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, lọ́dún 2015 ò tíì kúrò lọ́kàn mi, methanol, irú ọtí olóró kan, tó wà nínú ẹ̀ ló pa àwọn èèyàn yẹn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mo fẹ́, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà ni.

Ọjọ́ kẹta ló dùn jù, ó dùn ó sì ń ta lẹ́nu díẹ̀. Tó bá fi di ọjọ́ karùn-ún ó ti kan. Gbogbo owó tí mo ná sí ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ò tó 5,000 náírà, mo sì rí nǹkan bíi lítà mẹ́wàá. Bàbá mi fi ahá mu ún, wọ́n mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n na ahá sí mi láìsọ̀rọ̀, mo bu òmíràn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti wà nínú agbọ̀n báyìí, òwúrọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í hù.