Bí ẹni mẹ́ta ṣe lè fi kámẹ́rà sinimá ya fíìmù kúkúrú

Ẹni mẹ́ta la máa ń jẹ́ bí mo bá ń ya fíìmù kúkúrú: èmi tí mò ń darí, tí mo tún di kámẹ́rà mú, ẹni tó ń gba ohùn, àti ẹnì kan tó ń mójú tó gbogbo ìyókù. Kámẹ́rà sinimá ò dà bíi ti fóònù. Púpọ̀ nínú wọn ò ní bá yín wọn ìmọ́lẹ̀, wọn ò sì ní máa lé ojú òṣèré kiri fúnra wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè ọwọ́, ọwọ́ yín ò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ ti pinnu ohun gbogbo tó bá ṣeé pinnu kí ẹ tó débi iṣẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí kámẹ́rà ò bá dà yín láàmú mọ́, ìgbà yẹn lẹ máa ráyè gbọ́ ti òṣèré.

Látorí ìtàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé márùn-ún tó, torí ojú ewé kan sábà máa ń jẹ́ bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Ẹ kọ ọ́ sí ibì kan ṣoṣo, kí òṣèré má ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Kíkó ẹrù láti ibì kan sí òmíràn máa ń jẹ àkókò gan-an, ẹ̀yin mẹ́ta náà lẹ sì máa kó o. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ibẹ̀ ní wákàtí gan-an tí ẹ fẹ́ yà á. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ fún fìríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ariwo títì, torí máíkì máa gbọ́ gbogbo wọn.

Ẹ ṣètò kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́: fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣọ́tà (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó lórí fírémù kọ̀ọ̀kan) ní dígírì 180, ìyẹn 1/48 ìṣẹ́jú àáyá. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, 5600K fún oòrùn, 3200K fún gílóòbù oníwáyà. Ẹ má fi í sí ọ́tò láé, torí á máa yí padà láàárín ọ̀rọ̀ òṣèré. Ní ti ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọ̀nyí ní méjì tí ara wọn ti yá sí jù. Blackmagic Pocket 4K ní 400 àti 3200. Sony FX3 nínú S-Log3 (ọ̀nà ìgbàwòrán rẹ̀ tí àwọ̀ kì í mú, tí a máa ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá yá) ní 800 àti 12,800. Ẹ mú ọ̀kan fún ìta, ọ̀kan fún inú ilé alẹ́. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo lèmi máa ń mú dání, 35mm lórí sẹ́ńsọ̀ Super 35 (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, tí fífẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti fíìmù sinimá). Bí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ òṣèré, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ bá a.

Ìta ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an, tí ISO wà ní 400, tí ṣọ́tà wà ní 1/48, ihò lẹ́ńsì máa ní láti kéré dé nǹkan bí f/45 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò náà ń kéré sí i) kí àwòrán má bàa funfun báláú. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ò lè dé bẹ̀. Ká ní f/5.6 la fẹ́. Láti 45 bọ̀ sí 32, 22, 16, 11, 8, títí dé 5.6, stọ́ọ̀pù mẹ́fà nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Gíláàsì ND 1.8, ìyẹn gíláàsì dúdú tí a ń fi bo lẹ́ńsì, la máa fi dí i, torí ìdá kan péré nínú 64 ló ń jẹ́ kó kọjá. ND 0.3 ń gé stọ́ọ̀pù kan, ẹ lè ti ibẹ̀ ṣírò ìyókù. Bí ẹ bá sáré yí ṣọ́tà sókè dípò kí ẹ fi ND sí i, ìrìn òṣèré á máa já gé-gé-gé. Ẹ wá ND tó ń dí IR (ìtànṣán tí ojú wa ò lè rí) náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ dúdú lè di pípọ́n lórí àwọn kámẹ́rà kan.

Ní ti fókọ́ọ̀sì, ìyẹn kí àwòrán hàn kedere, ká ní obìnrin kan máa wọlé láti ẹnu ọ̀nà, á dúró létí tábìlì, á wá jókòó. Ibi mẹ́ta nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn ín láìyà á. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró sí, ẹ lẹ téèpù kékeré mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sún àwòrán mọ́ ojú rẹ̀, kí ẹ yí òrùka lẹ́ńsì títí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ á fi hàn kedere, kí ẹ wá fi bírò sàmì 1 sórí téèpù funfun tí ẹ ti lẹ̀ yí òrùka náà ká. Bẹ́ẹ̀ náà fún 2 àti 3. Nígbà tó bá ń rìn, ọwọ́ yín á máa yí láti àmì dé àmì, ojú yín á sì wà lára òṣèré. Nínú ilé, f/4 ni mo máa ń lò. Ní f/1.4, ibi tó ń hàn kedere máa ń tín-ín-rín gan-an; ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹnì kan tí fókọ́ọ̀sì nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Iná ò ní gbà wá lásìkò. Ẹ pa iná òkè àjà, ẹ mú òṣèré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ta aṣọ funfun sápá kejì bí òjìji bá ti dúdú jù, tàbí aṣọ dúdú bí ojú rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bí owó yín bá tó gba ẹnì kan péré, ẹni tó mọ ohùn gbà ni kí ẹ gbà. Àwọn èèyàn máa fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, wọn ò ní fara da ọ̀rọ̀ tí etí ò gbọ́. Kí máíkì wà lókè orí òṣèré, kó sún mọ́ ọn débi tó bá kù díẹ̀ kó yọ nínú àwòrán. Ẹ fi ẹ̀rọ agbohùn sí 48 kHz, bíìtì 24, kí ibi tó ké jù má ju -12 dB lọ lórí mítà rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ níwájú lẹ́ńsì kí ìran kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ máa so ohùn mọ́ àwòrán. Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá, kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ìró yàrá náà lásán. Òun lẹ máa fi bo ojú ibi tí ẹ bá gé.

Ẹni kẹta ló ń pàtẹ́wọ́ náà, òun ló ń kọ èyí tó dára sílẹ̀, òun ló ń rántí ọwọ́ tí òṣèré fi di ife mú. Òun náà ló ń ṣọ́ bátìrì, torí LP-E6 kan nínú Pocket 4K kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

Fáìlì náà wúwo. Ní 4K, fírémù 24, pẹ̀lú Blackmagic RAW 8:1 (irú fáìlì tí Pocket 4K ń kọ, tó fún pọ̀ bí ìlọ́po mẹ́jọ), wákàtí kan máa ń gba bí 140 GB. Ẹ dà á sórí díráìfù méjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sùn sílé ọ̀tọ̀. Ẹ ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí méjèèjì, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pa káàdì rẹ́.